Ọkọ̀ ojú irin kékeré mi ń sá lọ bí fóònù bá já: ẹ bá mi wá ìdí rẹ̀

Ọmọ Èbúté kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo máa kọ́kọ́ béèrè nǹkan.

Leeds ni mo ń gbé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọgbà rélùwéè Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Fèrè ọkọ̀ ló ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Nígbà tí mo pé ọmọ 50 ọdún, ìyàwó mi ra àpótí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan fún mi, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń kọ́ tèmi sí òkè àjà ilé wa. Ó di ọdún 8 báyìí.

Ìwọ̀n OO ni, ọ̀kan lára ìwọ̀n ọkọ̀ ojú irin kékeré, àlàfo àárín réèlì méjèèjì jẹ́ milimítà 16.5. Pákó tí mo tò ó lé gùn ní mítà 3.6, ó fẹ̀ ní mítà 2.4. Mo kọ́ afárá olójú 6 kan sí i, mo fi ṣe àwòkọ afárá Ribblehead tó wà lójú ọ̀nà Settle sí Carlisle. Ojú 24 ni afárá gidi ní, àyè ni kò gbà mí.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Command station, ìyẹn àpótí tó ń pàṣẹ fún gbogbo ọkọ̀, wà lábẹ́ pákó. Raspberry Pi kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré, tí mo fi JMRI sí, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ ojú irin kékeré, ló ń bá a sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ wáyà USB. Fóònù la fi ń wakọ̀, áàpù Engine Driver ni rìmóòtù wa. Wi-Fi ilé kì í dé òkè àjà dáadáa, torí náà mo gbé rọ́tà àtijọ́ kan lọ síbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún, kò so mọ́ ibòmíràn.

Ìṣòro mi rèé. Bí mo bá dá wà, mo lè wakọ̀ fún wákàtí méjì kí nǹkan kan má ṣe. Àmọ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá wá ní Sátidé, kò ní ju bí ìṣẹ́jú 5 sí 10 lọ, rìmóòtù ẹnì kan á já. Ẹni náà á máa fa ìyára wálẹ̀ lójú fóònù, ọkọ̀ ò ní dá a lóhùn. Ọkọ̀ náà kò sì ní dúró o! Bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ náà ni yóò máa sá lọ.

Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọdún 9, ló ń wa ẹ́ńjìnnì eléèéfín dúdú mi tó fa kóòṣì 4. Ó ń ṣe é jẹ́jẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Rìmóòtù já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ gba orí afárá kọjá, ó lọ kọlu ìdí wágùnù ẹrù tó dúró níwájú, kóòṣì méjì sì já bọ́ sílẹ̀ láti òkè. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó rò pé òun lòun bà á jẹ́. Mo sọ fún un títí pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kò gbà. Ẹkún yẹn dùn mí ju kóòṣì méjèèjì lọ.

Nǹkan méjì míì tún wà, n kò mọ̀ bóyá wọ́n bá a tan. Mo ra ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Class 37 kan ní àlòkù. Bí mo bá tẹ iná orí rẹ̀, á tàn, á kú, ó gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n kò rìn, fóònù yòówù kí n fi pè é. Èkejì, nínú ihò abẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn afárá, àwọn ọkọ̀ kan máa ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí arọ, iná wọn á máa ṣẹ́jú.

Mo ti gbé rọ́tà yí ibùjókòó padà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti pa JMRI, mo ti tún un tàn, ìgbà tí n kò lè kà. Ó ku díẹ̀ kí n lọ ra rìmóòtù Wi-Fi gidi, àmọ́ owó kékeré kọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Táyé HO kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ sì bá mi kí ọmọ yẹn kú ẹ̀rù. Maryland ni mo wà.

Ní tèmi o, mo gbà kí ẹ ra rìmóòtù gidi. Fóònù kò ní kóró téèyàn lè fọwọ́ yí láìwò ó, ojú fóònù lèèyàn á máa wò dípò ọkọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ra tèmi ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Ní ti Class 37, ẹ kọ 8 sí CV8, ọ̀kan lára àwọn àyè ìṣètò tó ní nọ́ńbà nínú decoder, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré inú ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ́ àṣẹ, kí decoder náà padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà 3 lẹ máa fi pè é lẹ́yìn náà. Ó parí.

Bàbá Wáyà kọ:

Ọmọ Èbúté, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Táyé ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n ní sùúrù díẹ̀. Bí ẹ bá ra rìmóòtù tuntun, tó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń ṣàìsàn, inú afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ máa gbé e lọ.

Ọdún 41 ni mo fi ṣiṣẹ́ iná ní Chicago kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo máa ń bi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi náà ni mo máa bi yín: níbo ni ọ̀nà ti já? Àṣẹ tó kúrò lọ́wọ́ yín gba ọ̀nà méjì kí ó tó dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ni àkọ́kọ́, láti fóònù dé rọ́tà dé Pi. Wáyà ni èkejì, láti àpótí àṣẹ dé réèlì, dé ẹsẹ̀ irin, dé decoder. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan kí ẹ tó mọ èyí tó já nínú méjèèjì.

Iná orí ọkọ̀ ni yóò sọ fún yín. Bí ọkọ̀ bá dúró tí iná rẹ̀ kú tàbí tó ń ṣẹ́jú, réèlì ni ẹ lọ wò. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tí iná rẹ̀ mọ́ rekete, tí kò sì gbọ́ràn, ẹ fi réèlì sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni. Ọkọ̀ tí ọmọ yẹn ń wà, iná rẹ̀ kú kí ó tó gba orí afárá? Ó dá mi lójú pé kò kú.

Ìdí tí kò fi dúró nìyí, torí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Láyé àtijọ́, iná tí a bá fún réèlì ni ìyára ọkọ̀. Ẹ dín iná kù, ọkọ̀ dẹ̀rọ̀. Ẹ pa iná, ọkọ̀ dúró. DCC, ìlànà tí àpótí àṣẹ yín ń lò, kò rí bẹ́ẹ̀. Iná kún orí réèlì nígbà gbogbo, bíi 14 tàbí 15 V, inú iná yẹn gan-an ni a ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Ó ń yí síwá sẹ́yìn: bí ìdajì ìyípadà kan bá gba microsecond 58, decoder á kà á sí 1, bó bá tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 0 ni. Ìyẹn ló ń di nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ìyára. Àpótí àṣẹ kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, fún gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, kí èyí tó bá kọjá lórí ìdọ̀tí lè gbọ́ ọ nígbà míì. Torí náà bí fóònù bá kú, bí akéde tí kò tíì gbọ́ pé ọba ti yí ohùn padà ni àpótí yín rí. Àṣẹ ìkẹyìn ló ń ké kiri.

Class 37 ńkọ́? Ẹ má tíì fọwọ́ kan CV8. Táyé kò purọ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ decoder, ṣùgbọ́n ó ń nu gbogbo ohun tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fara balẹ̀ tò: bó ṣe ń gbéra, bó ṣe ń dúró, ìwọ̀n ariwo rẹ̀ bó bá ní ohùn. Iná ń gbọ́ràn, mọ́tò ò gbọ́. Àmì CV19 nìyẹn. CV19 ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà ẹgbẹ́ sí tí wọ́n bá so ẹ́ńjìnnì méjì pọ̀ láti fa ẹrù kan ṣoṣo. Bí nọ́ńbà bá ti wà níbẹ̀, mọ́tò kì í jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, orúkọ ẹgbẹ́ ló ń retí. Iná orí lè ṣì máa jẹ́ orúkọ àtijọ́. Ẹ gbé e sórí ojú irin ìṣètò, ìyẹn réèlì tí a yà sọ́tọ̀ fún títò decoder, ẹ ṣí DecoderPro, apá tí a fi ń ka decoder nínú JMRI, ẹ ka CV19 kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi kí ẹ tó yí i padà.

Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ kò mọ ẹni tó ṣe decoder náà. Ilé iṣẹ́ Lenz ní Jámánì ló pilẹ̀ ọ̀nà yìí, NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré níbí ní Amẹ́ríkà, sì sọ ọ́ di ìlànà ní àwọn ọdún 1990. CV19 ti ọ̀kan ni CV19 ti gbogbo wọn.

Ó ku ihò abẹ́ òkè. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ti gún, n ó padà wá.

Àǹtí Nẹ́tíwọ́kì kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́kì ni mo ń jẹ, ní Dublin. Ọkọ mi ló ni ojú irin, èmi ni wọ́n ń pè bí ó bá dákẹ́. Ohun tí Bàbá sọ ló rí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún Bọ̀dá Ọmọ Èbúté kí n tó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Fóònù tí ẹ̀yin fúnra yín fi ń wakọ̀ nígbà tí ẹ bá dá wà, ṣé SIM wà nínú rẹ̀?

Mo ní ìdí tí mo fi bèèrè. Ẹ ní rọ́tà òkè àjà kò so mọ́ ibòmíràn, ìyẹn ni pé kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù òde òní kì í fẹ́ Wi-Fi tí kò lè gbé e jáde sáyé. Á dúró díẹ̀, á dán an wò, bí kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, á yọ́ lọ sórí dátà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àmì Wi-Fi tiẹ̀ lè ṣì wà lókè. Bó bá ti bọ́ sórí dátà, JMRI tó wà nínú Pi yín ti di ohun tí kò rí mọ́. Fóònù tí kò ní SIM kò ní ibi tó máa yọ́ lọ, ó di dandan kó dúró.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ ṣí fèrèsé WiThrottle lórí JMRI. Gbogbo fóònù tó so mọ́ ọn ló ń to orúkọ wọn síbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí olúkúlùkù mú. Ẹ wá fóònù kan tó ní SIM, ẹ fi wakọ̀, kí ẹ jókòó ti fèrèsé yẹn. Bí orúkọ rẹ̀ bá parẹ́ nígbà tí ọkọ̀ kò gbọ́ràn mọ́, a ti mú olè.

Lẹ́yìn náà kí ẹ pa dátà fóònù náà, tàbí kí ẹ fi í sí ipò ọkọ̀ òfurufú kí ẹ sì tan Wi-Fi nìkan, ẹ tún un dán wò. Bí fóònù bá bi yín pé Wi-Fi yìí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé kí n dúró, ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kó má sì bi yín mọ́.

Ìbéèrè kejì: lójú ìṣètò WiThrottle nínú JMRI, ibì kan wà tí wọ́n kọ eStop sí, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa dúró. Ṣé ẹ fa ìlà sí i? Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí JMRI kò bá gbúròó fóònù fún iye àkókò yẹn, yóò dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Bó bá wà níbẹ̀ ni, kò yẹ kí ọkọ̀ ọmọ yẹn dé ìdí wágùnù.

Ọmọ Èbúté kọ:

Àǹtí, mo ka ìbéèrè yín, mo sì dìde lórí àga. Kò sí SIM nínú fóònù mi o! Fóònù àtijọ́ mi ni, tí mo ti fi sílẹ̀ nígbà tí mo ra òmíràn, mo sọ ọ́ di ti ọkọ̀ ojú irin. Ọdún 8 ni mo ti ń ṣe nǹkan yìí, n kò so SIM pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí.

Alẹ́ Ọjọ́rú mo yá fóònù ìyàwó mi. Mo gbé ẹ́ńjìnnì 44 sójú irin, iná orí rẹ̀ tàn, mo ń yí i kiri, mo jókòó ti fèrèsé WiThrottle. Ní ìṣẹ́jú 7, orúkọ fóònù rẹ̀ parẹ́ lójú mi báyìí. Mo gbójú sókè, 4G ló wà lórí fóònù. Ọkọ̀ ń lọ ní tirẹ̀, iná rẹ̀ mọ́ kedere gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Mo sáré fi fóònù mi mú un.

Mo pa dátà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20, kò já. Èmi ni mo dá a dúró, oorun ti ń kùn mí.

Ọ̀rọ̀ eStop ni mo fẹ́ sọ tọkàntọkàn. Mo ti yọ ìlà kúrò lórí rẹ̀ láti bí oṣù méjì. Ìgbà náà, ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń dúró gbọ̀n-ọ́n lójijì, mo rò pé eStop ló ń ṣe wá níbi, mo pa á. Mo ti wá rí i báyìí: fóònù ló ń já lọ sórí dátà, eStop ń dá ọkọ̀ dúró bó ṣe yẹ, èmi ni mo pa ẹ̀ṣọ́ tó ń pariwo olè. Bí mo bá fi sílẹ̀ ni, ọmọ yẹn kì bá tí sunkún.

Bàbá, mo ka CV19. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ 140. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ibi tí mo kà nípa rẹ̀ sọ pé nọ́ńbà ẹgbẹ́ kì í kọjá 127.

Bàbá Wáyà kọ:

Òótọ́ ni ẹ kà. Ẹ yọ 128 kúrò nínú 140, kí ló kù? 12. Ẹgbẹ́ 12 ni ẹ́ńjìnnì yẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. 128 tó gun orí rẹ̀ ni àmì pé ó kọ̀dí sí èkejì rẹ̀: bí ẹgbẹ́ bá ń lọ síwájú, òun á máa fẹ̀yìn rìn. Ẹ́ńjìnnì méjì tí wọ́n fi ìdí ko ìdí nìyẹn, orí kan níwájú, orí kan lẹ́yìn. Wọ́n tu wọ́n ká kí wọ́n tó tà á, ẹnì kan ò rántí tú u nínú decoder.

Ẹ pe nọ́ńbà 12 lórí fóònù kí ẹ tó nù ún, ẹ wò ó. Ó máa rìn, sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ 0 sí CV19, yóò máa jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Gbogbo ìtò rẹ̀ tó kù á wà bó ṣe wà.

Ó yá, ihò abẹ́ òkè. Wáyà lèyí, tèmi ni. Ẹ mú ẹyọ owó 2p, ẹ tan iná ojú irin, ẹ gbé owó náà dábùú réèlì méjèèjì. Àpótí àṣẹ gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn ni pé kó pa iná réèlì fúnra rẹ̀. Ẹ gbé owó kúrò kíá, ẹ sún síwájú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe. Yípo gbogbo pákó. Ibi tí ẹ bá gbé owó sí tí àpótí ò já, ibẹ̀ ni iná ò ti dé dáadáa: wáyà tín-ín-rín jù, tàbí ó jìnnà jù, tàbí ó jẹ́ pé ìdè réèlì nìkan lẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ má fi owó sílẹ̀ níbẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tó lè yọ́ kóòṣì wà nínú wáyà yẹn, àpótí tí kò já ń tú u dà sójú kan ṣoṣo ni.

Ìdè tó so réèlì pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí réèlì gún. Ẹ má fi gbé iná. Lẹ́yìn ọdún 8 lókè àjà tó ń gbóná nígbà ooru tó sì ń tutù nígbà òtútù, ó máa dẹ̀. Èmi máa ń ju wáyà kékeré sísàlẹ̀ láti ara ọ̀pá réèlì kọ̀ọ̀kan, mo ń fi léèdì jó o mọ́ abẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn á wá bọ́ sára wáyà ńlá méjì tó gba abẹ́ pákó kọjá. 2.5 mm² tó fún yín níbẹ̀. Ẹ lọ́ méjèèjì mọ́ra wọn.

Kí ẹ sì tó sùn lé ìyẹn, ẹ nu réèlì inú ihò. Aṣọ tó mọ́ àti sípírítì isopropyl. Ibi tí ọwọ́ ò dé ni ìdọ̀tí ń kó sí.

Àǹtí Nẹ́tíwọ́kì kọ:

Inú mi dùn, Bọ̀dá. Ẹ má bínú sí ara yín nítorí eStop, mo ti rí ẹlẹ́nẹ́tíwọ́kì tí wọ́n ń sanwó fún tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fa ìlà sí i padà, kí a sì jọ ṣírò. Bí ọkọ̀ bá ń rin sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí JMRI sì ń dúró fún 10, mítà 3 ni yóò rìn kí ó tó dúró. Pákó yín kò ju mítà 3.6 lọ! Ẹ fi 10 bẹ̀rẹ̀, bí Sátidé kan bá kọjá láìsí wàhálà, ẹ sọ ọ́ di 6. N kò ní sọ pé 2, nítorí Wi-Fi máa ń mí, ọkọ̀ á kàn máa dúró nítorí kékeré.

Nǹkan mẹ́ta kéékèèké ló kù. Ẹ lọ sí ìṣètò bátìrì fóònù àwọn àlejò, kí ẹ yọ Engine Driver kúrò lára àwọn áàpù tí fóònù lè pa láti fi bátìrì pamọ́. Ẹ kọ àdírẹ́sì Pi yín àti pọ́ọ̀tì 12090 sára ògiri, torí fóònù míì kì í rí JMRI fúnra rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ sì wo chánẹ́ẹ̀lì rọ́tà yín. Ilé tó fara kan ara bíi ti Leeds, Wi-Fi àwọn aládùúgbò kún inú afẹ́fẹ́. Lórí 2.4 GHz, ọ̀nà rédíò tí Wi-Fi ń gbà, chánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 nìkan ni kò gun ara wọn, ẹ mú èyí tí àwọn èèyàn kò pọ̀ sí nínú mẹ́ta yẹn.

Táńkì omi wà lókè àjà yín? Ẹ má gbé rọ́tà sẹ́yìn rẹ̀. Omi ń mu 2.4 GHz. Ara èèyàn náà, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀: bí èèyàn 5 bá yí pákó ká, ògiri ni wọ́n jẹ́. Ẹ gbé rọ́tà kọ́ sókè ju orí gbogbo wọn lọ.

Táyé HO kọ:

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ní ẹ́ńjìnnì kan nínú dúrọ́ọ̀ tó ti pé ọdún kan tí mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Iná rẹ̀ ń tàn, kò rìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka CV19 rẹ̀ tán, 5 ló wà níbẹ̀. Mo kọ 0. Ó ń yí kiri lórí tábìlì mi báyìí tí mo ń kọ èyí.

Ọmọ Èbúté kọ:

Mo padà wá jábọ̀.

Class 37: mo pe 12 gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe, ó sì fẹ̀yìn rìn lóòótọ́. Mo pe ìyàwó mi gòkè wá wò ó. Mo kọ 0, ó ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùn gan-an, inú mi dùn pé n kò nù ún.

Ihò: mo gbé 2p dábùú yípo pákó, ibi 31 ni mo ti dán an wò. Àpótí já lójú ẹsẹ̀ níbi 28. Mẹ́ta tó kù, inú ihò ni gbogbo wọn wà, lórí ọ̀pá réèlì kan ṣoṣo. Mo ṣí òkè kúrò, mo wò ó: ọ̀pá yẹn ni mo fi sí i kẹ́yìn lọ́dún àkọ́kọ́, n kò ju wáyà kankan sísàlẹ̀ láti ara rẹ̀. Ìdè méjì ló ń gbé iná fún un, ọ̀kan ti dúdú. Mo lu ihò sí pákó, mo fi léèdì jó wáyà tuntun méjì mọ́ ọn. Owó 2p ń jẹ́ kó já níbi gbogbo báyìí. Bàbá mi máa ń fi òòlù kékeré kan lu ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó fetí sí ìró rẹ̀ bóyá ó ti sán. Bí mo ṣe ń gbé owó láti ibì kan sí èkejì lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, òun ni mo ń rí.

Rọ́tà: ẹ̀yìn táńkì omi ló wà, Àǹtí. Ibẹ̀ gan-an ni mo gbé e lọ nígbà kejì tí mo yí i padà. Mo ti fi ìṣó kọ́ ọ mọ́ igi àjà, mo sì ti gbé e sí chánẹ́ẹ̀lì 11.

Àná ni Sátidé. Fóònù 4, dátà gbogbo wọn ní pípa, wákàtí méjì àti ààbọ̀. Kò já rárá. eStop wà lórí 10.

Ọmọ náà wá. Kò fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kan fóònù, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ló dúró sí. Mo ní, wá, jẹ́ ká mọ̀ọ́mọ̀ já a. Mo gbé ẹ́ńjìnnì eléèéfín dúdú yẹn sójú irin pẹ̀lú kóòṣì 4, mo fún un ní fóònù, ó wà á jẹ́jẹ́ títí ó fi dé ìdí ihò. Mo ní kó pa Wi-Fi. Ó wò mí lójú, ó pa á. Ọkọ̀ ń lọ. A jọ ń kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó di ẹ̀wá, ọkọ̀ ṣì ń lọ díẹ̀, ó ti di ọwọ́ mi mú. Bí a ṣe ń pe ọ̀kànlá ni ọkọ̀ dúró, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lórí ojú kìíní afárá, kóòṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn rẹ̀.

Ó tan Wi-Fi padà, ó ní ká tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la ṣe é.